Apá Tí Wọ́n Fi Wọn Kànga Méjìlélógójì

Ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé yunifásítì dá bàbá arúgbó kan dúró nítorí pé kò ní káàdì. Ọmọ bàbá náà obìnrin, aránṣọ tí téèpù ìwọn-aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣàlàyé pé àwọn kò wá yá ìwé. Ìwé kan láti ilé ìkàwé yìí ni wọ́n fi ń pa ìlú àwọn lẹ́nu mọ́, àwọn sì fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i. Ẹ̀ṣọ́ náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Lókè orí rẹ̀ gan-an, wọ́n kan pátákó aláwọ̀ búlúù mọ́ ògiri: ÌMỌ̀ AGBÈGBÈ WA FÚN GBOGBO AYÉ.

Aránṣọ náà ka pátákó yìí sókè, ó sì béèrè bóyá ìlú tàwọn kò sí nínú ayé ni. Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó gbé fóònù, ó pe yàrá òkè.

Ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ wá ni olùtọ́jú àkójọ ìwádìí orí ẹ̀rọ, obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Àǹtí Tónítóní. Kì í ṣe nítorí aṣọ. Fáìlì ni kò fẹ́ kó dọ̀tí. Bí orúkọ kan bá wọlé pẹ̀lú àlàfo méjì níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan, kò ní lọ sílé títí yóò fi pa ọ̀kan rẹ́. Ó kọ orúkọ àwọn àlejò méjèèjì sínú ìwé àlejò rẹ̀, ó ní òun ni káàdì wọn, ó sì mú wọn wọlé.

Nínú yàrá ìkàwé, aránṣọ yọ lẹ́tà kan láti inú àpò rẹ̀. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ afọ́kúta ló kọ ọ́ sí ìlú wọn. Láti ọdún márùn-ún ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń fọ́ àpáta ní ẹ̀yìn ìlú, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń fa omi jáde kúrò nínú kòtò tọ̀sán-tòru kí iṣẹ́ má bàa dúró. Láti ọdún márùn-ún náà ni omi kànga ti ń sá wọ ilẹ̀ lọ. Ìlú fi ẹjọ́ sùn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà yóò jókòó ní ọjọ́rú, ọ̀túnla. Agbẹjọ́rò kọ̀wé pé òun kò ní pe ẹlẹ́rìí kankan. Ìwé tí yunifásítì fúnra rẹ̀ gbé jáde ti jẹ́rìí tán: kí ilé-iṣẹ́ tó dé, omi wà ní ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀, lónìí, gẹ́gẹ́ bí ìlú fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sínú ẹjọ́, ó wà ní àádọ́ta. Omi ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ó fi kún un pé bí ọpẹ́ bá wà láàárín ilé-iṣẹ́ àti ìlú, ìlú ló yẹ kó dúpẹ́.

 Agbẹ́kànga ni bàbá arúgbó náà. Nínú kànga méjìlélógójì tí ó wà nínú ìwé náà, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá a pé òun fẹ́ kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e kiri ìlú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbẹ́kànga ń wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà di olùkọ́ ní yunifásítì yìí kan náà. Ó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Àǹtí Tónítóní ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí bàbá létí. Kànga kìíní, omi ní ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, ìsàlẹ̀ kànga ní méjìléláàádọ́rin. Kànga kejì, omi ní mẹ́rìnléláàádọ́ta.

“Irọ́ ni,” ni Bàbá Agbẹ́kànga wí, láìgbé ohùn sókè.

Ó bẹ̀ ẹ́ kó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá ní ní ìlú tàwọn, bí ènìyàn bá gbẹ́lẹ̀ dé ogójì ẹsẹ̀ bàtà, àpáta ni yóò bá. Ẹni tí ó fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ méjìléláàádọ́rin ní ayé ìgbà yẹn, òun ìbá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí òun lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mẹ́wàá ni mo pè. Mẹ́wàá ló kọ. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.”

“Mẹ́wàá kí ni, bàbá?”

“Apá mẹ́wàá. Kí ni à bá tún fi wọn okùn?”

Ọwọ́ Àǹtí Tónítóní dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó rántí ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n ní kí ó sọ gbogbo ìwọ̀n inú àkójọ náà di irú kan ṣoṣo, kí àwọn òǹkàwé ilẹ̀ òkèèrè lè rí ohun tí wọ́n ń wá kíákíá. Nínú ìwé kànga yìí ni ó ti bá ọ̀rọ̀ kan pàdé lórí tábìlì ìṣirò: apá. Òǹkọ̀wé kò ṣàlàyé rẹ̀ níbì kan; ó gbà pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àǹtí Tónítóní dìde, ó lọ sí ibi pẹpẹ ìwé atúmọ̀, ó gbé èyí tí ó tóbi jù sílẹ̀. Ó bá a níbẹ̀ pé bí ènìyàn bá na apá méjèèjì sọ́tùn-ún sósì, láti ìka dé ìka, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni. Ó padà sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó sì fi mẹ́fà sọ gbogbo iye mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó wà nínú tábìlì náà di púpọ̀. Iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Òǹkọ̀wé wà láàyè nígbà náà, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní ilé kẹta sí ilé ìkàwé. Kò pè é. Ní ìparí ọdún, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ tó múná dóko jùlọ.

Ó ní kí bàbá jọ̀wọ́ fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n.

Bàbá Agbẹ́kànga dìde. Ó di okùn tí kò sí lọ́wọ́ mú níwájú àyà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á jáde títí apá rẹ̀ fi nà tán, ó kà á ní oókan. Ó dá ọwọ́ padà sí àyà, ó tún fà á, ó kà á ní eéjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní tábìlì ìtòsí gbé orí sókè.

“Ẹ kì í na apá méjèèjì ni, bàbá?”

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ń béèrè bóyá ara obìnrin yìí dá. “Bí mo bá na apá méjèèjì, ta ló di okùn mú? Àbí kí n fi eyín bù ú ṣán?”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Àǹtí Tónítóní, ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ kò fa omi rí.” Òótọ́ ni. Omi ẹ̀rọ ló ń yọ nílé bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú.

Aránṣọ ti yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Ó fi orí téèpù náà kan lé àárín àyà bàbá rẹ̀, ó fa èkejì dé ṣóńṣó ìka àárín. Íǹṣì márùndínlógójì àtààbọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ku ìdajì íǹṣì. Kò sí ẹni tó nílò kọ̀ǹpútà láti parí ìyókù: apá mẹ́wàá jẹ́ ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Omi kò gòkè ní mẹ́wàá. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní ogún.

“Èmi ni mo ṣe é,” ni Àǹtí Tónítóní wí. “Kì í ṣe òǹkọ̀wé. Èmi ni mo yí i.”

Aránṣọ ká téèpù rẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní òun gbàgbọ́ pé kò fi ibi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni inú tó ń bí i wá hàn. “Àǹtí, ẹ̀yin ará yunifásítì wá sílé wa, ẹ ka kànga wa. Ẹ gbé e lọ, a ò bínú. Ẹ tún un ṣe kó lè dùn-ún kà fún àwọn tí kò lè dé ọ̀dọ̀ wa láéláé. Àwọn tó ń fa omi wa gbẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì wọn. Bàbá mi tó ni apá dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń bi í ní káàdì. Ọdún mẹ́fà, ẹ kò bi ẹnì kan ṣoṣo pé kí ni apá.”

 Àǹtí Tónítóní gba nọ́ńbà fóònù aránṣọ, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ìwé, ó sì fẹ́ràn àkójọ yìí bí ẹni fẹ́ràn àbíkẹ́yìn. Ó gbọ́ àlàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró. Nígbà tí ó parí, ó sọ fún un pé ìwé kànga náà ni ìwé kẹta tí wọ́n ń kà jùlọ nínú gbogbo àkójọ. Ó lé ní ẹgbàajì ènìyàn tó ti gbà á sórí ẹ̀rọ wọn. Àwọn yunifásítì mẹ́sàn-án ti tọ́ka sí i. Ó wá rán an létí òfin: ohun tí a bá ti gbé jáde, a kì í fọwọ́ kàn án.

Àǹtí Tónítóní kò nílò ìránnilétí. Òun ló kọ òfin náà, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí alágbára kan fẹ́ kí wọ́n yọ ojú ewé méjì kúrò nínú ìwé kan tó bù ú kù. Òfin rere ni. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Ojúlówó ìwé náà, bí òǹkọ̀wé ṣe fi í sílẹ̀, pẹ̀lú apá lórí tábìlì rẹ̀, wà nínú àká ìpamọ́ lórí ẹ̀rọ, níbi tí òǹkàwé kì í dé. Ibẹ̀ nìkan ló kù sí, nítorí pé ẹ̀dà oníwèé bá òjò lọ ní ọdún tí òrùlé àjà kejì jò. Kí wọ́n mú un jáde, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níta, kí wọ́n sì kọ àlàyé sí i.

Ọ̀gá àgbà ní òǹkọ̀wé ti kú, kò sì sí ẹni tó lè buwọ́ lù ú. Ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé nìkan ló lè pinnu, ìjókòó wọn sì di oṣù mẹ́ta òní. Ó béèrè, lórí ọ̀rọ̀ ta gan-an ni àwọn yóò sì tún ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ṣe? Ó ṣí ojú ewé àfikún, ó tọ́ka sí i. Olùfìmọ̀hàn keje, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàlàyé fún òǹkọ̀wé, ni wọ́n pe bàbá náà níbẹ̀; ẹnikẹ́ni kò sì lè ti ara olùfìmọ̀hàn keje di òǹkọ̀wé.

“Ọ̀gá, apá rẹ̀ ni gbogbo ìwé náà.”

“Ìyáàfin, ilé ìkàwé kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Pẹpẹ ni wá. Ohun tí wọ́n bá gbé lé wa là ń gbé.”

“Pẹpẹ kì í sọ mẹ́wàá di ọgọ́ta, ọ̀gá.”

Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì ní ó ti parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí Tónítóní ròyìn ọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó fojú inú wo ènìyàn tó na apá méjèèjì sọ́tùn-ún sósì lórí kànga bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, ó sì ní ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa bá ara rẹ̀ kò jìnnà sí omi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán. Ó ní ogún ọdún ni òun fi fa omi kí òun tó wọlé ọkọ, apá ni òun sì ń fi í kà. “O ní mi nílé, o lọ bi ìwé.”

Ọmọ rẹ̀ ní òun mọ̀. Ìyá béèrè bóyá wọ́n lè lé e lẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá mú ojúlówó jáde láìgbàṣẹ. Ó ní wọ́n lè lé òun.  Ìyá rẹ̀ ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè tí ó sì ti ṣìnà, kò yẹ kí ó tún jókòó sójú ọ̀nà kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má rí ibi gbà. Ó dìde, ó lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí Tónítóní tẹ òfin tí ó kọ náà jáde, ó sì kà á bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ìlà kìíní ni gbogbo ènìyàn mọ̀ lórí. Ìlà kẹrin sọ pé ojúlówó gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá kàn, bí onítọ̀hún bá kọ̀wé béèrè. Nígbà tí ó ń kọ ìlà yẹn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sọ káàdì. Kò tilẹ̀ sọ àṣẹ ọ̀gá àgbà. Àṣà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò kọ àṣà sílẹ̀ níbì kankan.

Ó pe aránṣọ. Kó tó di agogo méjìlá, fọ́tò ojú ewé kan dé sórí fóònù rẹ̀: ewé tí wọ́n ya láti inú ìwé tí aránṣọ máa ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Lókè, ìgbáròkó obìnrin kan àti gígùn ṣòkòtò ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn, Bàbá Agbẹ́kànga kọ̀wé béèrè ojúlówó ìwé tí wọ́n fi apá òun kọ, ó sì buwọ́ lù ú. Àǹtí Tónítóní tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lu òǹtẹ̀ ilé ìkàwé lé e, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, ó fi í sínú fáìlì.

Lẹ́yìn náà ló ṣí àká. Ó gbé ojúlówó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dà tó ti wà níta, kò sì fọwọ́ kan ẹ̀dà yẹn. Sí iwájú àwọn méjèèjì ló kọ èyí:

“Nínú ẹ̀dà kìíní, olùtọ́jú àkójọ yìí sọ apá kan di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe ni. Apá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó ku ìdajì íǹṣì. Ẹni tó ni apá náà ló ṣàlàyé, a sì wọ̀n ọ́n lójú ènìyàn ní yàrá ìkàwé. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ti lo ẹ̀dà kìíní tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.”

Ó kọ orúkọ agbẹ́kànga ní kíkún síbẹ̀. Ó kọ tirẹ̀ náà ní kíkún. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìwé náà bọ́ síta.

Kúẹ̀rì dé ní agogo mẹ́ta, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa: kí ó ṣàlàyé kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ní agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní yàrá tíì, ẹnì kan ní Àǹtí Tónítóní ti ta epo sí àlà ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ní àlà náà ti ní epo tẹ́lẹ̀, ó kàn tú u hàn ni. Àǹtí Tónítóní tọrọ ìsinmi ọjọ́ kan. Wọn kò fún un. Ní ọjọ́rú, ó wọ ọkọ̀ agogo mẹ́fà lọ sí ìlú aránṣọ.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tí bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ti rí ẹ̀dà kejì. Ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde pàápàá. Ó ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni òun fi fẹ́ béèrè bóyá apá bàbá kò ti kúrú sí i láàárín ọdún méjìlá, nítorí pé àgbà a máa sún kì. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

“Apá mi kò kúrú,” ni Bàbá Agbẹ́kànga dáhùn. “Omi ló jìn.”

Ẹ̀rín náà yí padà sí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kò mì. Ó pe Àǹtí Tónítóní jáde. Ó béèrè bóyá òun ló ṣe ẹ̀dà kìíní. Òun ni. Bóyá òun ló gbé ẹ̀dà kejì jáde. Òun ni. Bóyá ó gba àṣẹ. Kò gbà á. Bóyá kúẹ̀rì wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó wà. Agbẹjọ́rò yíjú sí ìgbìmọ̀. Ó ní ìwé kan náà ń sọ ọgọ́ta lápá kan, ó ń sọ ọgbọ̀n lápá kejì, ẹni tó sì sọ ọ́ di méjì ló dúró yìí. Kí ìgbìmọ̀ kó àwọn méjèèjì dànù, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Gbogbo gbọ̀ngàn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ìwé bá lọ, kò sí ohun mìíràn ní ayé tó mọ ibi tí omi wà kí ilé-iṣẹ́ tó dé. Láti ìgbà tí omi ti ń lọ ni àwọn onílé ti ń gbẹ́ kànga wọn sí i, wọ́n ń fi iná àti òòlù fọ́ àpáta, débi pé ìsàlẹ̀ kànga pàápàá kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àǹtí Tónítóní béèrè bóyá òun lè ka ìlà kan. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí kò tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti òwúrọ̀, ní kí ó kà á. Ó ka ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n nínú ojúlówó: kànga ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ní apá méjìlá. Ẹ̀dà kìíní, èyí tí òun bà jẹ́, ní ẹsẹ̀ bàtà méjìléláàádọ́rin. Ó yíjú sí Bàbá Agbẹ́kànga, ó béèrè bóyá wọ́n tún kànga yẹn gbẹ́ rí.

Bàbá ní rárá. Kànga náà ló kọ́kọ́ gbẹ ní ọdún tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Ọ̀gá ilé ìwé kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀ sínú rẹ̀ lójú ọmọdé. Wọ́n fi irin bò ó, wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ pa. Ọ̀gá ilé ìwé, tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ náà sì nìyí.

Alága dìde. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbọ̀ngàn tú tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣí irin náà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ so òkúta mọ́ orí téèpù gígùn tí wọ́n gbé wá, ó jù ú sílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń tú. Ó dún pọ̀ọ́ nísàlẹ̀. Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ó wo téèpù náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì.”

Agbẹjọ́rò ní bí a bá fi apá bàbá wọn apá méjìlá, ó yẹ kó lé ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà. Bàbá Agbẹ́kànga ní òótọ́ ni. Kí agbẹjọ́rò bi àwọn ọmọ ilé ìwé. Bọ́ọ̀lù wọn ló jókòó lórí ààbọ̀ náà.

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìsàlẹ̀ kànga kì í sún kì. Ó wo agbẹjọ́rò, ó béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ rẹ̀, tó wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ibi yìí, tí ó sì ní onímọ̀ ilẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, kò ní téèpù ni, tí wọ́n fi ní láti lọ kà nípa kànga yìí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní wọn kò rán òun wá dáhùn ìyẹn.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìgbìmọ̀ ka ìpinnu rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀dà kejì wọlé. Ẹ̀rọ tí ń fa omi yóò dúró láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, títí wọn yóò fi wọn kànga méjèèjìlélógójì. Ní gbogbo àkókò náà, ilé-iṣẹ́ yóò máa fi ọkọ̀ gbé omi wá fún ìlú. Agbẹjọ́rò ní àwọn yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn kò hó yèè. Wọ́n mọ̀ pé omi tó lọ ní ọdún márùn-ún kì í padà ní ọjọ́ márùn-ún. Bàbá Agbẹ́kànga jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́ tó kéré jù fún un, ó ń ṣàlàyé fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, àti onílé tí ajá rẹ̀ ń gé ènìyàn jẹ.

Aránṣọ sin Àǹtí Tónítóní dé ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Kò dúpẹ́, Àǹtí Tónítóní kò sì retí rẹ̀. Wọ́n ti rìn kọjá ilé ìtajà mẹ́ta kó tó béèrè ohun tó ń dùn ún.

“Àǹtí, ìwé mélòó lẹ tún tò báyìí?”

“Mọ́kàndínlógún, yàtọ̀ sí tiyín.”

“Gbogbo wọn ló ní irú apá yìí nínú?”

Ó ní òun kò mọ̀. Ẹrù wà nínú àwọn kan, ilẹ̀ oko wà nínú àwọn mìíràn, ọ̀kan jẹ́ iye wákàtí tí àwọn aláboyún fi ń rìn dé ilé ìwòsàn. Gbogbo wọn ni òun fi ìwé atúmọ̀ kan náà tún ṣe. Ó rántí àwọn ìlú tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ òun, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn ní ọjọ́ Ẹtì.

Aránṣọ dúró. “Wọ́n gba ẹsẹ̀ yín náà ni?”

Ọkọ̀ kan wá, agbèrò rẹ̀ ń pe ìlú tí yunifásítì wà. Àǹtí Tónítóní jẹ́ kó lọ. Ó bi agbèrò ọkọ̀ kejì léèrè ọ̀nà ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí àwọn ìwé náà ti wá, ní ìhà àríwá, ní ẹ̀yìn odò. Agbèrò ní wákàtí mẹ́rin ni, ọkọ̀ ti ibẹ̀ sì ti kún tán, ó ku ibi jíjókòó kan lẹ́yìn, lórí táyà. Ó gbà á.